Mùhísínì, Agbẹjọ́rò Ẹ́ńjìnnì

Gbogbo ará Òsí ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Mùhísínì mẹkáníìkì pe oníbàárà rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú olórí àdúgbò. Ọmọ Ìsólò-Òpin kan tó ń jẹ́ Adédọlápọ̀ ló ti Èkó wá, tó gbé ọkọ̀ àtijọ́ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ dání. Ọkọ̀ náà ń wúkọ́, bí èèyàn bá sì ti tẹná mọ́ ọn, ó máa kú ni. Adédọlápọ̀ ò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì nàka sí éáfúlò, àpótí dúdú kékeré tó máa ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, nǹkan yìí ti kú. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fi tuntun sí i."

Mùhísínì rọra gbé súpánà sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?"

"Wọ́n ní bí gbogbo wọn ṣe máa ń kú nìyẹn."

"Ṣé o gbá a wò? Ṣé o bi í léèrè ọ̀rọ̀? O dé, o ò kí i, o pè é lókùú! Bí wọ́n ṣe ń pa aláìṣẹ̀ nìyẹn!"

Kí ọmọ Èkó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Mùhísínì ti tú éáfúlò, ó ti gbé e mọ́ àyà, ó sì ti forí lé ilé olórí àdúgbò. Bàbá arúgbó náà wo àpótí tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀, ó wo Mùhísínì, ó wo Adédọlápọ̀ tó ń làágùn.

"Ta ló pẹjọ́ nínú yín?"

Mùhísínì nàka sí àpótí náà. "Òun ni, bàbá. Èmi kàn bá a wá ni, torí pé kò lẹ́nu."

Olórí àdúgbò ní kí ó lọ tún un ṣe, kí àwọn rí i. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ọkọ̀ náà ti ń lọ geere. Ẹjọ́ parí síbẹ̀: Adédọlápọ̀, ẹni tí ọgọ́rin òṣìṣẹ́ ń dìde dúró fún ní Èkó, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún éáfúlò.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ ṣáá níbi fìdáù Mùhísínì ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Sùmáyà ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọ́fà, ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i. Inú ti ń bí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ sin. Ó ń bí i sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bí i sí bàbá tó kú láìdágbére, èyí tó sì bí i jù ni ohun tí Issa, àbúrò bàbá rẹ̀, sọ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ àwo mọ́.

"Ọkọ̀ pupa ẹ̀gbọ́n mi yẹn, irin lásán ni. Ó ń kú ní gbogbo ìgbà. Mo ti bá Jímọ́ọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ogójì, ó máa wá gbé e."

Ẹni tó ń ra irin àlòkù ni Jímọ́ọ̀. Ọkọ̀ pupa náà dàgbà ju Sùmáyà lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ sí lọ bí i, inú rẹ̀ náà ni wọ́n gbé e sí lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Issa kì í ṣe ìkà. Ó ronú díẹ̀. "Ó dáa. Tó bá lè gun òkè Ìdòfin láìkú lọ́jọ́ náà, tìrẹ ni. Tó bá kú, Jímọ́ọ̀ ló ni ín."

Bí Sùmáyà ṣe di ẹni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tó sì ń rántí bàbá tí inú ń bí i sí.

Kì í ṣe pé bàbá náà jókòó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni Mùhísínì ti ń ṣiṣẹ́, ìgbe rẹ̀ sì ga ju ògiri lọ. Ìgbe tó máa ń ké jù ni, "Ẹ pa ẹnu mọ́! Ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀!" Ó ké e mọ́ oníbàárà, ó ké e mọ́ àlejò. Ó ké e mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wá kí wọn láti Ọ̀bọ-Ilé. Ìyá náà gbọ́ràn: ó pa ẹnu mọ́ fún ọdún méjì.

Bí gbogbo ibi bá ti pa lọ́lọ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, Mùhísínì á fi èkù súkúrúdíráífà gbá éáfúlò: kó, kó, kó. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ bó ṣe ń gbá a, á ní, "Ó ti jẹ́wọ́." Nínú àpótí yẹn, apá irin tín-ínrín kan ló ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ojú ọ̀nà dúdú kan. Tó bá ti tọ ojú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ọ̀nà náà á jẹ, apá irin náà á sì máa parọ́ fún ẹ́ńjìnnì nípa afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Mùhísínì á ṣí ìdérí, á rọra sún pátákó tó gbé ojú ọ̀nà náà, kó má ju ìbú èékánná lọ, kí apá irin lè máa tọ ibi tí kò tíì jẹ.

"Bí ilẹ̀ àgbẹ̀ bá ṣá," á máa pariwo mọ́ ẹni tó bá ní kó ra tuntun, "ṣé ó ń ju oko nù ni? Ṣebí ó kàn máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan ni?"

Owólabí, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, náà jẹ nínú ìbínú yẹn. Ibì kan náà ni ọkọ̀ tirẹ̀ ti máa ń kú, ní ìdajì òkè Ìdòfin, ó sì ti gbà pé iṣẹ́ ayé ni. Rafiat, ìyàwó rẹ̀, lọ gba hántú ní Ìlọrin, omi tí àwọn ààfáà fi fọ àdúrà kúrò lára wàláà. Owólabí ṣí ibi tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́, ó da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Mùhísínì.

"Hántú ò burú!" Mùhísínì ké. "Èmi náà ń mu ún! Àmọ́ ìwọ Owólabí, nígbà tí wọ́n bá fún ọ mu, ṣé ihò imú lo máa ń dà á sí?"

Ọjọ́ ogójì pé. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Jímọ́ọ̀ ti dé pẹ̀lú okùn àti irin ìfàkọ̀. Sùmáyà ṣáná sí ọkọ̀ pupa. Ó jí. Sùmáyà tẹná mọ́ ọn. Ọkọ̀ wúkọ́, ó kú. Sùmáyà ṣáná lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún kú.

Ìgbìmọ̀ dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Pọ́ọ̀gì ni," Issa wí.

"Epo ibẹ̀ ti pẹ́ jù," Owólabí wí.

"Àǹtí, ẹ má dà á láàmú," Jímọ́ọ̀ wí, ó ti ń tú okùn. "Òkú ni."

Ohun kan já nínú Sùmáyà.

"Ẹ PA ẸNU MỌ́! Ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀!"

Adìyẹ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé sá wọ abẹ́ igi. Ìyá rẹ̀, Asiat, tó wà nínú ilé torí opó tó ń ṣe, yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Sùmáyà," ó wí jẹ́ẹ́.

Sùmáyà ṣáná, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa ṣiṣẹ́ láìtẹná. Ó mú súkúrúdíráífà, ó fi èkù rẹ̀ gbá àpótí dúdú náà. Kó, kó. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó fẹ́ẹ̀ kú.

"Ó ti jẹ́wọ́," Jímọ́ọ̀ wí. Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùmáyà pa ọkọ̀, ó rọra fi ọ̀bẹ gé gọ́ọ̀mù etí ìdérí, ó ṣí i. Lẹ́yìn ìdérí náà, ní inú, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́, nítorí ọwọ́ náà kì í fi ààlà sílẹ̀ létí ohun tó bá kọ:

ÌWỌ TÍ O ṢÍ IBÍ, ṢÉ O KỌ́KỌ́ GBÁ A? BÍ O Ò BÁ GBÁ A, DÉ E PADÀ, ÒPÒNÚ.

Lábẹ́ pátákó, bàbá rẹ̀ ti fi ìṣó fa ilà mẹ́ta, láti fi sàmì ibi tí pátákó máa sún dé. Ó ti lo méjì. Ilà kẹta ṣì wà níbẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ojú ọ̀nà ibẹ̀ ò sì tíì jẹ rárá.

Sùmáyà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, tí kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

"Mo gbá a, bàbá mi," ó wí. "Mo kọ́kọ́ gbá a."

Ó sún pátákó náà dé ilà kẹta, ó dé e padà. Issa jókòó níwájú, Jímọ́ọ̀ wọ ẹ̀yìn, wọ́n forí lé òkè Ìdòfin. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, níbi tí ọkọ̀ Owólabí ti máa ń kú, Sùmáyà tẹná mọ́ ọn. Ọkọ̀ pupa bú ramúramù, ó sì ń gun òkè lọ.

"Àǹtí," Jímọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, "mo rò pé..."

Issa gbé ọwọ́ sókè. Ó ti di ojú rẹ̀, ó sì gbé etí sí ohùn tó ń ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wá.

"Pa ẹnu mọ́, Jímọ́ọ̀," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀."