Ọ̀gá mi kò kí mi kú àṣẹ̀yìndè

Ọ̀gá mi ní kí n tọrọ àforíjì. N ò ní tọrọ ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Òkukù tí a ti sin bàbá mi ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe bọ́ nínú bọ́lẹ̀kájà ní Ìnísà, ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ni mo gbà lọ tààrà. Àwọn ọmọ ti tò síta.

Ọ̀gá ilé ìwé wa wo bàtà mi tó kún fún eruku.

"Agogo ti lù, tíṣà. Kí ló dé tí o pẹ́?"

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná, sà. Bàbá mi tí ẹ fún mi láyè lọ sin ni mo ti ń bọ̀."

"Ibi iṣẹ́ la wà. Ìkíni kọ́ ló gbé wa débí."

Ọ̀gá yìí kan náà ló máa ń na ọmọ tí kò bá kí àgbà. Ni àwọn ọmọbìnrin bá kúnlẹ̀ fún mi, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, mà."

Ọ̀gá ní èmi ni mo kọ́ wọn láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló kọ́ wọn. Òun nìkan ni kò kọ́ ara ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ohun tó ń dun ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀gá ta ni? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá sí i: èwo ni kí n bẹ̀bẹ̀ fún níbẹ̀?