Iná Oòrùn Ilé Wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́, nítorí kò sí ibi tí mo ń sáré lọ mọ́. Èémí ìyàwó mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíńtì, yàrá kan la ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá. Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ, ní ikọ́ fée. Tó bá dé sí i, á jókòó ti ògiri, á máa wá afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Dókítà ní kó jìnnà sí èéfín. Báwo ló ṣe fẹ́ jìnnà? Abẹ́ fèrèsé wa gan-an ni jẹnẹrétọ̀ bàbá onílé wà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọ́n á tan jẹ́n, èéfín á sì wọlé wá bá a.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onílé. Kò bínú. Ó ní òun náà ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe òun, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé kò ní gbà kí òun pa jẹ́n kí wọ́n wà nínú òkùnkùn.

“Wá iná mìíràn fún wọn,” ló wí. “Ọjọ́ tí o bá rí i ni jẹ́n yìí máa sinmi.”

Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ló rí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé pátákó onígíláàsì tó ń gba iná lára oòrùn sórí òrùlé àwọn ilé ìwòsàn abúlé. Ọ̀kan tí igun rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n fẹ́ jù nù, ló bẹ̀ wọ́n gbà, ó sì gbé e wá sórí òrùlé wa. Bátìrì mọ́tò ló so mọ́ ọn, nítorí a wá irú èyí tó yẹ títí dé Pápá Àjàó, a ò rí i. Ó kìlọ̀ fún wa dáadáa: gílóòbù kékeré kan fún yàrá kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn ló pọ̀, ibi tí a ń kó o sí kò pọ̀.

Ìyá kan tó ń ta òkìríkà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Ẹ̀gbọ́n, bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa gun àkàbà lọ fa oòrùn wá fún wa ni?”

Iná náà tàn. Jẹ́n sinmi. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orin tí mo ti gbàgbé pé ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti tọ́ wa. Nílé àwọn òbí wa, bí iná ẹnìkan bá kú láàárọ̀, á mú àpáàdì, á lọ bu iná nílé kejì. Ẹni tó bu iná fún un kò pàdánù nǹkan kan, tirẹ̀ ṣì ń jó. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi wo iná oòrùn yìí. Ìyá olókìríkà wá tọrọ ibi tí yóò so fáànù mọ́tò mọ́ nítorí ooru, ìyàwó mi fún un. Ará ẹ̀yìnkùlé gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré dé, ó fún òun náà. Mo ní kó dá wọn dúró.

“Kí n sọ fún ìyá yẹn pé mo ní iná, òun ò lè mú níbẹ̀? Kí ni wọ́n máa pè mí nínú ilé yìí?”

“Èémí rẹ ni wọ́n ń mú lọ o.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàálé mi, iná ni, kì í ṣe ọbẹ̀. Ṣé ó máa tán nínú ìkòkò ni?”

Ó tán. Gílóòbù kọ́kọ́ pọ́n, ó ṣe bàìbàì, ó kú. A gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì ní Mushin, wọ́n bu ásíìdì sí i. Ó jí, ó tún kú. Wọ́n ní inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé ẹni tó bá ń fa bátìrì mọ́tò gbẹ lójoojúmọ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Agbára wa kò ká òmíràn. Nínú ilé, oníkálùkù ń wojú ẹnìkejì pé kó mú owó wá.

Bàbá onílé wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó ṣí fìlà. “Ẹ má bínú,” ló wí. Jẹ́n dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìyàwó mi kò lè dé ilé ìwẹ̀ mọ́ láì dúró sinmi, mo mú un lọ sí Jíbówú kó wọ ọkọ̀ Iléṣà, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá olókìríkà ló gbé àpò rẹ̀ sin wá dé títì, ó ń sunkún. Kò mọ̀ pé òun lọ́wọ́ sí i. Ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún un.

Mo padà sílé ní ọ̀sán gangan. Oòrùn ń ràn lórí pátákó náà débi pé n ò lè wò ó lójú. Nígbà tó yá, yàrá tó bá ti rí owó á ra jẹ́n kékeré tirẹ̀, títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi dúdú bí inú ààrò.

Èémí rẹ̀ balẹ̀ ní Iléṣà. Iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n kúrò ní Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti ọ̀hún dé ló máa ń rán pé kó bi mí bóyá ilé ti dára tó kí òun padà. Mo máa ń ní kó ní sùúrù. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.