Ikùn Tèmi, Ikùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Àwọn kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n gbà títí dòní pé mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé mu. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. N kò tíì jókòó sọ tèmi fún ẹnikẹ́ni rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Inú ilé kan náà là ń gbé nígbà náà, ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra lọ́tùn-ún lósì. Mo ní yàrá kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ìyá wa sì wà nínú èyí tó dojú kọ tèmi. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Iwájú ilé ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ba lé e lórí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ̀yìn bá ti ń dùn ún, oògùn ara ríro tí ìyá wa máa ń rà fún un lọ́wọ́ àwọn oníkiri ló ń gbé mì, nígbà mìíràn láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Taípíìsì ni èmi ní ọ́fíìsì àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde ní wáàfù, ní Warehouse Road. Mo máa ń jáde nílé láìjẹun, omi tútù inú ọ̀rá ni mo sì fi ń tan ebi jẹ títí di ọ̀sán.

Inú ń run àwa méjèèjì. Ìyá wa ti se àgbo fún wa títí, kò gbọ́.

Ọ̀gá wa ní oníbàárà kan tó jẹ́ ará Ṣáínà, tó ń gbé ní Àpápá GRA. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n mú ìwé ẹrù lọ fún un nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó rí i tí mo tẹ̀ síwájú, tí mo di ikùn mú. Ó fà mí wọlé, ó ní kí n jókòó. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò pọ̀, ọwọ́ la fi ń sọ ìyókù. Ó ní oníṣègùn ni òun nílùú wọn, ewé àti egbò ló fi ń tọ́jú ènìyàn.

Ó ní kí n yọ ahọ́n. Ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ mi, ó sì tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá ìgbẹ́ mi máa ń ṣàn bí omi. Ó bi mí bóyá ikùn máa ń rọ̀ mí tí mo bá gbé ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Inú rẹ tutù," ó wí. "Iná tó yẹ kó se oúnjẹ nínú rẹ ti fẹ́ kú. Má mu omi tútù mọ́."

Ó di atalẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú àwọn egbò tó ń dùn lẹ́nu díẹ̀ fún mi, ó ní kí n sè é nínú ìkòkò amọ̀, kí n máa mu ún ní gbígbóná. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé mo sá fún àgbo ìyá mi, mo wá bọ́ sọ́wọ́ àgbo àjèjì. Síbẹ̀ mo mu ún. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí jẹ, tí ẹran ara sì padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó ní kí n mú òun náà lọ, mo sì mú un lọ. Ahọ́n tirẹ̀ pupa, ohun kan tó dà bí pupa inú ẹyin sì bò ó lórí. Ẹnu rẹ̀ máa ń korò láàárọ̀, àyà ń ta á, ìgbẹ́ kò sì jáde bọ̀rọ̀. Obìnrin náà mi orí.

"Àbúrò, òtútù. Ẹ̀gbọ́n, iná. Ẹ má pààrọ̀ oògùn o."

Egbò kan tó pọ́n bí ìyeyè ló dì fún un. Ó ní kó fi ata àti oògùn ara ríro sílẹ̀. Ó ní bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà títì, kó lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ egbò mọ́.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó wá ní, "Ó fẹ́ràn rẹ jù mí lọ."

Egbò tirẹ̀ korò ju jogbo lọ. Ó mu díẹ̀, ó tutọ́. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ìdì tèmi kò sí níbi tí mo fi í kọ́ sí, tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo sọdá sí yàrá wọn. Ife wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, tèmi lẹ̀ ń mu yẹn."

"Mo mọ̀. Tìrẹ ló ṣiṣẹ́."

"Wọ́n ní inú yín gbóná! Atalẹ̀ ló pọ̀ nínú ìyẹn, ẹ̀ ń da epo síná ni."

"Ìyá kan náà ló bí wa, ọmú kan náà la mu. Báwo ni ikùn wa ṣe máa yàtọ̀?"

Mo yíjú sí ìyá wa tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ṣé torí egbò lásán lo ṣe ń pariwo?" ni ìyá wa dá mi lóhùn. "Ìwọ ti sanra. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ náà sanra."

Mo fẹ́ gba ife náà, ó tì mí. Ó ń mu ún lọ, ó sì ń gbé oògùn ara ríro mì lé e lórí. Ìdì yẹn kò tíì tán tó fi bì nídìí máṣíìnì, tí ẹ̀jẹ̀ ta sórí léèsì funfun oníbàárà kan. Àwọn ará ilé pé lé wa lórí.

"Make una carry am go hospital now! Wetin una dey look?" ni obìnrin kan ń ké.

Ará ilé wa kan tó jẹ́ awakọ̀ ló gbé wa lọ. Nígbà tí wọ́n ti dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, dókítà bèèrè gbogbo ohun tó ń mu, ó sì sọ ọ́ lójú èmi àti ìyá wa pé oògùn ara ríro ti dá ọgbẹ́ sí i nínú tipẹ́. Ohun gbígbóná tó ń mu kàn bu kún ìrora rẹ̀ ni.

Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ohun tí ìyá wa ń sọ fún àwọn tó wá kí ẹ̀gbọ́n mi ni pé egbò Ṣáínà tí mo gbé wá sílé ló fẹ́ pa ọmọ òun. Mo wo ojú rẹ̀, ó gbé e kúrò. Bó bá gbà pé oògùn ara ríro ni, á gbà pé ọwọ́ òun ló ń rà á. N kò lè bá ìyá mi jiyàn lójú àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ lo mú mi lọ. Ìwọ náà lo mọ ohun tó o ní kó fún mi."

Àwọn obìnrin ilé kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Mo kó kúrò. Mo ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n mi kò wá. Nígbà tí ìyá wa kú, mo se oúnjẹ lọ síbi ìsìnkú. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún àwọn èrò pé kí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ má jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, ojú ìyá wa gan-an ló gbé wáyé. Mo dúró wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀ ń wá ẹnìkan ni?" Kò mọ̀ mí rí. Mo ní rárá, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.