Ààwẹ̀ tí Ìyàwó Mi Gbà fún Ààrẹ Amẹ́ríkà

Kò sí ẹni tó mọ ìtàn àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà tó àwa tí a máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Liverpool Road, nítòsí Ajégúnlẹ̀ wa níbí. Nídìí tábìlì oníwèé-ìròyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà tó ń retí àtiwọ èbúté, ibẹ̀ la ti ń yàn wọ́n, ibẹ̀ náà la ti ń yọ wọ́n. A kì í ra ìwé o. Àkọlé iwájú la máa ń kà, ìyókù á ti ẹnu wa jáde. Iṣẹ́ bíbá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kúrò ní èbúté ni mò ń ṣe ní Wharf Road, ìdúró ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń dúró gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ẹnu ṣe.

Èmi ni mo sọ ara mi di olùkọ́ wọn. Mo sọ fún wọn pé ààrẹ wọn àkọ́kọ́, wọ́n ní kò purọ́ rí, pé ó gé igi bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Alhaji onítírélà kan, ará Òkè-Ògùn tí a jọ máa ń jiyàn, ní kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ẹni tí kò purọ́ rí, báwo ló ṣe dé ipò? Mo sọ ti àgbẹ̀ ẹlẹ́pà, mo sọ ti òṣèré sinimá, mo sọ ti bàbá tó jẹ tí ọmọ náà tún jẹ. Alhaji ní ti bàbá àti ọmọ yẹn yé òun, oyè ìdílé ni. Ti ẹni tó kúrò lórí àga tó tún padà wá ló rú u lójú. Mo wá rán an létí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa lẹ́yìn ibùdókọ̀ Boundary, tí ìbò gbé ṣubú, tó ní òun kò ṣubú, tó sì padà wọlé lẹ́yìn sáà kan. Kọ́kọ́rọ́ géètì àdúgbò ló kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí i kú oríire.

Alhaji mi orí. "Amẹ́ríkà ti wá lajú bíi tiwa nìyẹn."

Ní Liverpool Road, àwàdà ni. Nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, kì í ṣe àwàdà. Ìyàwó mi àti ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wọn gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kí ààrẹ Amẹ́ríkà tó kúrò lórí àga náà lè padà wọlé, nítorí ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ẹni Ọlọ́run ni. Mo bi í pé nígbà tí a ń dìbò káńsẹ́lọ̀ tiwa, ṣebí àkàrà ló ń jẹ lórí ìlà. Ó ní káńsẹ́lọ̀ kọ́ ló ni ilẹ̀ tí ọmọ òun ń gbé. Àkọ́bí wa obìnrin ló ń wí, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkùnrin náà sì wọlé, ìyàwó mi se ìrẹsì, ó bù ú kárí ilé. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọ wa fi lóyún. Láàárín wa, ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Ìyá ìyàwó mi wọ mọ́tò láti ilé wá wẹ àwọn tiwa, kò sì lọ títí ọrùn ọmọ fi le. Ìyàwó mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́: kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, òrí. Ó béèrè físà, wọ́n dá ọjọ́ fún un.

Ọjọ́ náà kò tíì pé tí mo dé ìdí tábìlì, tí mo rí àkọlé. Ààrẹ Amẹ́ríkà ti buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n dá físà àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa dúró. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fowó ra ìwé ìròyìn níbẹ̀. Oníwèé-ìròyìn bi mí bóyá ara mi yá. Alhaji kò jiyàn. "Ẹ rọra sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ o," ló wí.

N kò ní í purọ́, títí mo fi dé Boundary, mò ń pọ́n àwàdà kan lẹ́nu, pé kó lọ bá Ọlọ́run gba ààwẹ̀ rẹ̀ padà. Mo wọlé, mo bá a lórí ẹní, ó ń di òrí sínú ọ̀rá kéékèèké. Mo na ìwé ìròyìn sí i. Ó kà á, ó tún kà á.

"Ṣé kò mọ̀ pé a gbàdúrà fún òun ni?"

Èmi tí mo mọ̀ wọ́n láti orí agégi dé orí ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí, n kò rí ìkankan nínú wọn tí mo lè rán an sí. Ìjọ wọn ní kí wọ́n tún gba ààwẹ̀ mìíràn kí ọkàn ààrẹ náà lè rọ̀. Ìyàwó mi lọ, ṣùgbọ́n ó jẹun kó tó kúrò nílé.

Ọmọ náà dé, ọkùnrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ọmọ wa pè lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, omi ti wà nínú ike. Ìyàwó mi gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ó fa ìrọ̀rí kan sórí ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Ó na apá tí ìrọ̀rí kò ní, ó fi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n bá a dé ibi tí a ti ń ju ọmọ sókè.

"Mọ́mì, mi ò lè jù ú. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe jù ọ́, o ò fọ́. Wò mí."

Ó ju ìrọ̀rí sókè, ó hán an. Nígbà tó gbójú sókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, àwòrán ti dúró sójú kan: ọmọ wa la ẹnu sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ọmọ rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ jù ú ni tàbí ó ń hán an.

Mo gbé fóònù lọ sójú fèrèsé, mo nà án síta. Kò mú. Lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń gbá ìrọ̀rí náà lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.