Jẹ́sì Pupa Lórí Okùn Aládùúgbò

Mi ò lè jókòó wo bọ́ọ̀lù. Bí àwọn ọmọ náà bá ti bọ́ sórí pápá báyìí, ẹsẹ̀ mi ò ní gbélẹ̀ mọ́. Màá rìn dé ẹ̀yìn ilé gólì, màá padà, màá lọ dúró ti ògiri, màá bú réfárì, màá bẹ̀ ẹ́, màá tún bú u. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn á máa pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú wa!" Kí n kúrò kẹ̀? Ọmọ ta ló wà nínú pápá yẹn, ọmọ tiyín ni àbí tèmi?

Àbígbẹ̀yìn mi ló ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀jọ́ níbí. Nọ́ńbà márùn-ún ló ń wọ̀. Ọdún tó máa jáde ni sáà tí mò ń sọ yìí bọ́ sí. Bí ìdíje yẹn bá ti parí, ó parí nìyẹn, kò tún sí pé à ń dúró de ti ọdún tó ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ tí ara mi ò fi balẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan péré ni mò ń wá, ẹnu bàbá rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó ti jáde.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ìjọ aláṣọ funfun la wà, sùtánà ló sì ń rán jù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa ní Ìbà, lẹ́yìn Ẹ́sítéètì. Ẹni tó mọ èèyàn kí ni. Láti ibi tó jókòó sí nídìí máṣìnì, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ tó máa kọjá tí kò ní kí. Á kí fọkanáísà, á kí ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe, á kí obìnrin tó ń dín àkàrà, á kí àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́!" Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ti pápá dé, tí aṣọ rẹ̀ rin gbindin, tí ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún, bàbá á kàn gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"O ti ṣeré dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó tán. Máṣìnì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣé ẹ rí i? Akóẹrẹ̀ ń ṣiṣẹ́, aláàkàrà ń ṣiṣẹ́, ọmọ tèmi nìkan ló ń ṣeré. Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Ọdún yẹn ló wá burú jù, torí pé jẹ́sì tí wọ́n kó fún wọn, pupa fòò ni. A kì í wọ pupa nínú ìjọ wa. Kò sí aṣọ pupa kankan nínú ilé wa, títí kan aṣọ ìnulẹ̀ pàápàá. Ọjọ́ tí ọmọ náà kó o dé nínú ọ̀rá, apá kan rẹ̀ yọ jáde, bàbá rẹ̀ sì rí i.

"Kò ní wọ inú ilé yìí."

Mo ní, "Daddy, ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n gbà wá láyè bó bá jẹ́ ti iṣẹ́. Lọ́yà tó ń jókòó níwájú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí dúdú ló ń wọ̀ lọ kóòtù. Ta ló bá a wí?"

"Iṣẹ́ nìyẹn. Eré lèyí."

Mo pòṣé débi pé ó gbọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Àlàájà tó ń gbé ilé kejì sí wa ló gbà wá sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àwo ni wọ́n ń tà ní Alábà, níbi tí èmi náà ti ń ta gílóòbù àti súwíìṣì. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi jàre. Èwo ni ti pupa?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé Àlàájà ni mo ti ń fọ jẹ́sì, orí okùn wọn ló ti ń gbẹ, inú ilé wọn ló ń sùn. Bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù bá dé, ọmọ mi á fi síńgílẹ́ẹ̀tì funfun jáde nílé wa, á yà sílé Àlàájà, á sì tibẹ̀ jáde ní pupa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọkọ mi náà mọ̀. Bó bá ti gbọ́ ìró géètì Àlàájà báyìí, á dorí kọ máṣìnì rẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n borí pẹ̀lú ayò méjì sí òdo nígbà àkọ́kọ́, lórí pápá wa níbí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní ọ̀sán gangan. Ọkùnrin Íbò tó ń ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá Bọ́ọ̀lù, ẹ ti tún ń lọ?" Mo ní bí kọ́sítọ́mà bá dé kó ní mo lọ síbi òkú. Ìgbà kejì, wọ́n lọ gbá a níta, mo bá bọ́ọ̀sì àwọn alátìlẹ́yìn wọn lọ, ọ̀mì ni wọ́n gbá, bàtà mi sì já níbi tí mo ti ń rìn kiri. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọlé. Ìgbà kẹta ni wọ́n fìyà jẹ wá. Ẹnì kan tilẹ̀ ta ọmọ mi nípàá ní kókósẹ̀, ó ń tiro bọ̀ wálé. Bàbá rẹ̀ rí i. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé agolo róòbù tí a fi ń para jáde, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó padà sídìí máṣìnì. 

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ẹnu ń dùn yín ni? Ẹ ò lè bi í pé báwo lara?"

"Mo ti gbé róòbù sílẹ̀."

Èèyàn wo ni kò ní bínú?

Síbẹ̀, máàkì wa tó láti jáde nínú gúrúùpù, pẹ́náritì ló sì gbé wa kọjá bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Mo ń kọrin bọ̀ láti orí títì ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, mo ròyìn bọ́ọ̀lù yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tìpá tìpá. Kò yíjú sí mi. Aṣọ ló ń rán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí aṣọ́lé wa ti fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí pẹ́dà, máṣìnì dákẹ́. Ìgbà tí mo ní ó mú un ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ padà. Mo rí i. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i.

Ọjọ́ Ajé la máa gbá èyí tó kàn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́.

Iléyá ti ń sún mọ́lé, Àlàájà sì ti ra àgbò kan ní Alábà Rago. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́. Mo fọ jẹ́sì ní ìdájí kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sá a, afẹ́fẹ́ sì já a lulẹ̀. Bí a ṣe ń ti ìsìn bọ̀, Àlàájà ti ń sáré bọ̀ wá pàdé wa, ìborùn ti já bọ́ lórí wọn, wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ohun tí ẹran yìí fojú mi rí!"

Àgbò ti jẹ ẹ̀yìn jẹ́sì. Nọ́ńbà márùn-ún ti lọ. Ojú ihò tó kù níbẹ̀, àwo ńlá á gba ibẹ̀ kọjá.

Mo bú àgbò yẹn bí ẹni ń bú èèyàn. Mo bú bàbá rẹ̀, mo bú ẹni tó tà á. Mo ní kó máa jẹun lọ, Iléyá ò jìnnà. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Okokomáíkò. Àwọn télọ̀ tí mo mọ̀ ti tilẹ̀kùn, torí Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹni tó ń ta jẹ́sì létí títì ní òun ní pupa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú pupa tiwa, àmì ilé ẹ̀kọ́ ò sì sí lára rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún síbẹ̀. Jẹ́sì kan péré ni wọ́n fún oníkálukú fún ìdíje yẹn, ẹni tí kò bá sì ní tirẹ̀, orí bẹ́ńṣì ló máa jókòó sí. Bọ́ọ̀lù tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó máa gbá kẹ́yìn fún wọn nìyí o.

Nígbà tí mo dé, ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Àlàájà, jẹ́sì wà lórí itan rẹ̀.  Ọkọ mi sì dúró níwájú rẹ̀. Sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì wọ bàtà, bí a ṣe ń ṣe bí a bá wọ sùtánà.

Ó na ọwọ́. "Mú un wá."

Ọmọ náà wò mí. Mo wo Àlàájà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo rò pé ó fẹ́ jù ú nù ni, mo sì ti ń ká ọwọ́ aṣọ mi kò, torí ìjà la máa jà lọ́jọ́ náà.

Ó gbà á, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ mi kì í rán nǹkan kan lọ́jọ́ Ìsinmi. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó fọwọ́ kan máṣìnì lọ́jọ́ yẹn. Ó bọ́ sùtánà, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí pákó. Ó wá òwú pupa, kò sí. Níbo ni òwú pupa ti fẹ́ wá? Ó ki òwú funfun bọ abẹ́rẹ́. Ó fa ègé aṣọ sùtánà tó ṣẹ́ kù yọ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ sórí ihò yẹn, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e. Èmi ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń lọ, mò ń bọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Mo dúró. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Báwo ni márùn-ún yín ṣe ń rí?"

Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó yà á sórí tábìlì. Ọkọ mi gé márùn-ún láti ara àjákù jẹ́sì pupa tí àgbò pọ̀ sílẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín aṣọ funfun yẹn, ó rán an yípo. Mo fẹ́ la ẹnu, Àlàájà já mi léèékánná. Nígbà tó parí, ó di apá méjèèjì mú, ó fà á tagbáratagbára, ó tún fà á.

"Gbà."

"Ẹ ṣé, sà."

Mò ń retí.  Mo ní, "Ṣé ó tán síbẹ̀ náà ni?" Ó ní, "Kí ló tún kù?" Àní kí ló tún kù!

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń lọ ra sípù ní Alábà. Mo ní ó dáa, ẹ máa lọ. Mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Réfárì kọ́kọ́ pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí wọ́n lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù kúrò níwájú ilé, wọ́n á pariwo, "Sùtánà! Sùtánà!" Ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn. Ó fò, ó fi ara dínà, ó fi orí gbá a. Ṣùgbọ́n ní ìdajì kejì, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti igun, ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tí ọmọ mi ń ṣọ́ fi orí kàn án wọlé. Ẹyọ kan sí òdo.  Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí pápá ká, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Lẹ́yìn ilé gólì kejì ni mo ti bá ọkọ mi. Ó dúró ti wáyà, ọ̀rá sípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò lórí ilẹ̀, bí ìgbà tó ń tẹ pẹ́dà.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá wò ó bóyá á tú."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì di jẹ́sì ọmọ mi mú lẹ́yìn, ó ń wọ́ ọ. Ọkọ mi gbá wáyà mú. "Fà á!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. "Fà á jàre! Kò lè tú!" Àwọn èèyàn yíjú wò wá. Mi ò gbọ́ irú ariwo yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A ò dá a padà. Réfárì fọn fèrè, ó sì tán. Àwọn tó borí ń fò, àwọn tiwa dùbúlẹ̀ káàkiri. Ọmọ mi jókòó sí àárín pápá, ó gbé orí sáàárín orúnkún. A dúró dè é.  Nígbà tó dìde tó rí bàbá rẹ̀ níbi wáyà, ó dúró sójú kan. Ó wá rọra ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Yíjú padà."

Ó yíjú padà. Ọkọ mi fi ìka tọ ojú ibi tó rán, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i ká.

"Kò tú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dì í léjìká mú, ó yí i padà kọjú sí ara rẹ̀. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà lójú rẹ̀, ó wo òógùn, ó wo kókósẹ̀ tó ti wú. 

"O kú iṣẹ́."

Ọmọ mi la ẹnu kó dáhùn. Ohun tí gbogbo èèyàn fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn lójoojúmọ́ lójú títì, kò rí i sọ. Ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ gbé ọ̀rá sípù fún mi kó lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Èmi náà gbà á, mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa jókòó létí pápá.