Ohun tí Ooru Fà Jáde Lára Lẹ́dà

Ìdó-Èkìtì la ń gbé nígbà náà. Baálé mi ń rán ìjókòó ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ifàkì. Lẹ́dà oníke ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde ni. Gbogbo onímọ́tò ló ń fẹ́ ẹ, torí omi kì í wọ inú rẹ̀. Awakọ̀ takisí kan, ará Ayédé, gbé ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wá, baálé mi sì fi lẹ́dà náà bo inú rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ tí awakọ̀ náà fẹ́ wá gbé e, ọkọ̀ ti wà nínú oòrùn látàárọ̀. Mo rí i tí baálé mi ń fi aṣọ nu gíláàsì iwájú láti inú, tó tún ń nu ún.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Eruku ni."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìròyìn fi dé. Awakọ̀ náà ń lọ sí Ayédé láàárọ̀, oòrùn kọjú sí i, gíláàsì funfun báláú, kò rí ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn èèyàn ní oorun ló ń kùn ún. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò ní í gbé ọkọ̀ fún un mọ́ láéláé.

Baálé mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gé lẹ́dà díẹ̀ sínú agolo kan, ó da gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ sínú òmíràn, ó kó òwú tìmùtìmù sí ìkẹta. Ó fi gíláàsì mímọ́ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó tẹ́ aṣọ tútù lé gíláàsì kí ó má baà gbóná, ó wá gbé agolo wọ̀nyẹn sínú ìkòkò omi gbígbóná mi. Nígbà tó yá, ó ṣí wọn. Gíláàsì orí òwú mọ́ kedere. Ti gọ́ọ̀mù ní ìkùukùu díẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e lọ. Ti lẹ́dà lọ́ràá. Bó ṣe ń nu ún ló ń tàn kálẹ̀ sí i.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo rí i, mo pè é ní eruku."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la lọ sílé awakọ̀ náà ní Ayédé, a sì bá ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Baálé mi gbé gíláàsì tó lọ́ràá náà fún ọ̀gá awakọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ò sùn. Èmi ni kí ẹ bá wí." Ọkùnrin náà wo gíláàsì títí, ó mi orí. Awakọ̀ tó nà gbalaja lórí ẹní rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Ìyẹn ló dun baálé mi jù. Ó ká lẹ́dà kúrò nínú gbogbo ọkọ̀ tó ti fi bò, títí dé Òyè àti Igbólé. Àwọn ọlọ́kọ̀ míì tiẹ̀ bú u. Ẹsẹ̀ awakọ̀ jiná, ọ̀gá rẹ̀ sì gbé ọkọ̀ fún un padà, àmọ́ awakọ̀ náà ń tiro.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, awakọ̀ náà fi mélòó kan ránṣẹ́ sí wa. Mo gún un. Baálé mi fọwọ́, ó wo iyán náà, ó sì ní kí n gbé e fáwọn ọmọ.