Pèpéle Tí Bàbá Onípákó Sùn Lé

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Onípákó tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó sùn sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá obìnrin náà ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo pèpéle onípákó tí káfíńtà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún un sínú ọgbà òdòdó. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, káfíńtà ló nà gbalaja sáàárín pákó, tó fi fìlà bojú, tó ń hanrun.

"Bàbá, ẹ dìde! Àlejò ti dé!"

Ó ṣí ojú kan. "Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, mà. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Iṣẹ́ ló sì ń ṣe lóòótọ́. Kò sí pèpéle tí Bàbá Onípákó fà lé oníbàárà lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ sùn lé e. Ó ní ojú lè parọ́, ẹ̀yìn kì í parọ́: ìṣó tó bá yọrí, pákó tó bá ga ju èkejì lọ, ẹ̀yìn á sọ. Bí oorun bá gbé e lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí kò bá gbé e, á tú pákó, á tún un kàn. Lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n má baà jí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, ló máa ń sọ ìtàn yìí jù. Bó bá sọ ọ́ dé ibi fìlà, ẹ̀rín kì í jẹ́ kó rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni Bàbá Onípákó fi ń júwe iṣẹ́ ara rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ pákó lóòótọ́?" á bi oníbàárà. "Ẹ gbọ́ o. Bí òjò bá rọ̀, á máa yọ̀, ẹ ó sì fìdí jókòó. Ikán fẹ́ràn ẹ̀ jù yín lọ. Lọ́dọọdún lẹ ó máa fi epo pa á bí ìkókó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Ohun tó bá sì já bọ́ sínú àlàfo ẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀."

"Ó dáa, síméńtì ni màá lò," ni oníbàárà á wí.

Ìgbà yẹn ni inú á wá bí Bàbá. "Síméńtì kẹ̀! Ṣé ẹ lè bọ́ bàtà lórí síméńtì lọ́sàn-án gangan? Bó bá sán, ta ni ó tú u? Tèmi, ẹ yọ kan, ẹ fi kan sí i, ó tán!" Àwọn kan sá lọ. Àwọn tó dúró kò wá káfíńtà míì mọ́ láyé.

Ọ̀tá síméńtì ni, ilé oní-síméńtì ló sì ti fẹ́yàwó. Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá ń kan pèpéle ilé ara rẹ̀, bíríkìlà gbé àpò síméńtì kan dé.

"Àna mi, jẹ́ n da eléyìí sídìí àwọn òpó yẹn. Igi tó bá fara kan ilẹ̀ tútù, á jẹrà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Igi inú igbó, ta ló da síméńtì sídìí ẹ̀?"

"Ìyẹn ní gbòǹgbò!"

"Ẹ fún tèmi náà láyè, á ta."

Bẹ́ẹ̀ òkúta ló máa ń tẹ́ sábẹ́ òpó oníbàárà. Tirẹ̀ ló rì mọ́ ilẹ̀ lásán, kí àna rẹ̀ má baà sọ pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀rín tí Bàbá fi ẹ̀gbọ́n náà rín lọ́jọ́ tó kàn án tán, tó sùn lé e, pọ̀ débi pé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fò jáde, ó bọ́ sínú àlàfo. Ìyàwó rẹ̀ ní kó tú pákó. Ó ní pákó tí òun bá ti sùn lé, òun kì í tú u. Èrìgì ló fi jẹun títí wọ́n fi ṣe eyín míì fún un.

Ojú oorun náà ni Bàbá gbà lọ sọ́run nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí ìyàwó rẹ̀ má bọ́ bàtà, kó jókòó sórí pèpéle náà, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Títí pákó kan fi dá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ẹsẹ̀ náà wọlé dé orúnkún.

Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ọmọ rẹ̀ gidigidi. "Màmá, a máa tú u. Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Bó o bá tú u, níbo ni n ó ti máa bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ọmọ ránṣẹ́ sí bíríkìlà, ẹ̀gbọ́n Màmá.

Bíríkìlà náà, tó ti darúgbó, dé pẹ̀lú síméńtì àti yanrìn. Wọ́n tú pákó kan, wọ́n tú èkejì. Yẹtí Màmá ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà eyín àtọwọ́dá. Màmá gbé eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wò ó, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín!" Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Bíríkìlà ń fi òòlù lu òpó wò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀. "Ìdí ti jẹrà. Mo sọ fún un!" Ó tún lu òkè rẹ̀ wò. "Ṣùgbọ́n òkè le koko. Àna mi mọṣẹ́."

"Ṣé ẹ ò ní da síméńtì sí gbogbo ẹ̀ ni?" ọmọ bi í.

"Rárá o. A ó gé ìdí tó jẹrà, n ó fi síméńtì ṣe ẹsẹ̀ fún un. Kí tèmi wà nísàlẹ̀, kí tiẹ̀ wà lókè. Kò kúkú gbà kí n borí òun rí."

Nígbà tí síméńtì gbẹ, tí wọ́n kan pákó padà, tí wọ́n pààrọ̀ èyí tó dá, ọmọ na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ kó gòkè. Màmá kò mira.

"Kò tíì parí. Ta ló sùn lé e?"

Ọmọ wo bíríkìlà. Bíríkìlà wo ojú ọ̀run. "Èmi? Lórí pákó?" Ó ń kùn, ó ń bọ́ bàtà. Ó nà sílẹ̀, ó fi fìlà bojú. "N ò lè sùn níbí o. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ìṣó..."

Kò sọ ọ́ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Màmá bọ́ bàtà, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. "Bàbá ọmọ mi, o ṣeun," ni Màmá wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ni ọmọ náà wí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n má baà jí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.